"A ti rí i": ọ̀rọ̀ kan tí ó ń bà mí lẹ́rù nítòsí pápákọ̀ òfurufú

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ibo ni ó ti rọrùn jù fún ọkọ̀ òfurufú méjì láti kọ lu ara wọn lójú ọ̀run, èsì mi kò ní pẹ́: ìtòsí pápákọ̀ òfurufú ni, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Èyí máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí wọ́n rò pé inú kùrukùru tàbí òkùnkùn ni irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ti máa ń ṣẹlẹ̀. Ojú ọ̀run fẹ̀, àyè sì pọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ tí ó ń lọ lókè réré; ibi tí àyè ti ń fún ni ibi tí gbogbo wọn ti ń sọ̀kalẹ̀ sí ọ̀nà ìbalẹ̀ kan náà, nígbà tí àwọn mìíràn tún ń gbéra láti ibẹ̀, tí àwọn tí ó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà sì ń yí po lágbègbè náà. Nígbà tí kùrukùru bá bolẹ̀, olùdarí tí ó jókòó sídìí rédà, ẹ̀rọ tí ó ń fi ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lójú ọ̀run hàn án, ni ó ń ya àwọn ọkọ̀ náà nípa. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá mọ́, wọ́n máa ń fi apá kan nínú iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún awakọ̀, kí ó fi ojú ara rẹ̀ ṣe é.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí mo máa ń bá pàdé nínú wọn, tí ó máa ń mú kí n dá ìwé dúró díẹ̀. Olùdarí yóò béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ bóyá ó rí ọkọ̀ kejì; awakọ̀ yóò dáhùn pé, "A ti rí i." Ní kété tí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, tí olùdarí sì ní kí ó máa fi ojú yẹra fún un, ẹrù ti kúrò lórí olùdarí, ó ti bọ́ sórí awakọ̀, a sì lè jẹ́ kí ọkọ̀ méjèèjì súnmọ́ra ju bí òfin rédà ti gbà lọ. Ìlànà yìí ni ó ń jẹ́ kí pápákọ̀ ńlá lè gba ọkọ̀ púpọ̀ láàárín wákàtí kan, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ètò ààbò náà ti fẹ́lẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí San Diego, ní ìpínlẹ̀ California, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1978. Boeing 727 ti ilé-iṣẹ́ PSA, ìrìnàjò 182, gbéra láti Sacramento, ó yà ní Los Angeles, ó sì ń bọ̀ wá balẹ̀ ní pápákọ̀ Lindbergh. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, ojú ọjọ́ mọ́, ènìyàn sì lè ríran dé máìlì mẹ́wàá. Ní agbègbè kan náà ni ọkọ̀ kékeré kan wà, Cessna 172, tí awakọ̀ méjì wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ olùkọ́. Èkejì ń kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ nìkan darí ọkọ̀ láìwo ìta, nítorí náà ó wọ ohun tí ó dí i lójú kí ó má baà rí ju àwọn ẹ̀rọ tí ó wà níwájú rẹ̀ lọ. Olùdarí ti sọ ìhà tí Cessna yóò kọjú sí fún un, ìyẹn ìlà oòrùn tí ó tẹ̀ díẹ̀ sí àríwá, ó sì ti kìlọ̀ pé kí ó má ṣe gòkè kọjá 3,500 ẹsẹ̀ bàtà. Ṣùgbọ́n Cessna náà yà kúrò ní ìhà yẹn, ó kọjú sí ìlà oòrùn gan-an láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó ṣe di pé ọkọ̀ méjèèjì ń lọ sí ìhà kan náà nìyẹn: èyí tí ó kéré wà níwájú nísàlẹ̀, èyí tí ó tóbi ń bọ̀ lẹ́yìn láti òkè, ó ń sáré jù ú lọ, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lé e.

Wọ́n ti sọ fún àwọn awakọ̀ 727 nípa Cessna náà, wọ́n ti dáhùn pé àwọn rí i, olùdarí sì ti ní kí wọ́n máa fi ojú ara wọn yẹra fún un. Nígbà tí wọ́n bá ilé ìṣọ́ Lindbergh sọ̀rọ̀, olùdarí ibẹ̀ tún rán wọn létí pé Cessna kan wà níwájú wọn gan-an, kò ju máìlì kan lọ. Àpótí tí ó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá awakọ̀ jẹ́ kí a mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Ọ̀gá awakọ̀ béèrè bóyá èyí tí àwọn ń wò ni. Igbákejì rẹ̀ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun kò rí i mọ́ báyìí. Ọ̀gá sọ fún ilé ìṣọ́ pé àwọn rí i níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, ó sì fi kún un pé òun rò pé ó ti kọjá sí ọwọ́ ọ̀tún àwọn. Olùdarí gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, igbákejì béèrè bóyá àwọn ti kọjá Cessna yẹn. Ẹnjiníà tí ó wà pẹ̀lú wọn ní ó yẹ kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní òun lérò bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ PSA mìíràn, tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ṣùgbọ́n tí ó jókòó sẹ́yìn wọn, ní òun ní ìrètí bẹ́ẹ̀.

Ènìyàn mẹ́rin ni ó wà nínú yàrá yẹn, gbogbo wọn ni iyèméjì ti wọ̀ lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí èyí tí ó tẹ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ láti sọ gbangba pé, "A kò rí i mọ́ o." Mo ti rò ó títí, n kò sì gbà pé àìbìkítà ni. Ọwọ́ wọn kún fún iṣẹ́ ìbalẹ̀, ọkọ̀ mìíràn tún wà nísàlẹ̀ tí igbákejì ń wò, ọkàn ènìyàn sì máa ń fẹ́ gbà pé ohun tí kò hàn mọ́ ti lọ. Ní ìṣẹ́jú àáyá 19 kí ìkọlù náà tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ ìkìlọ̀ dún ní ibùdó rédà, ó fi hàn pé ọkọ̀ méjì ń súnmọ́ra jù. Ṣùgbọ́n àwọn olùdarí ti gbọ́ pé awakọ̀ rí ọkọ̀ kejì, wọn kò sì rí ìdí láti ya àwọn méjèèjì nípa. Ní gíga bíi 2,600 ẹsẹ̀ bàtà ni 727 náà kọ lu Cessna láti òkè. Ọkọ̀ ńlá náà já lulẹ̀ sáàárín ilé àwọn ènìyàn ní àdúgbò North Park. Gbogbo àwọn 135 tí ó wà nínú rẹ̀ kú, àwọn méjì inú Cessna kú, àwọn méje tí wọ́n wà nílé ara wọn tàbí ládùúgbò náà kú pẹ̀lú: ènìyàn 144 lápapọ̀.

Àjọ NTSB, tí ó ń wádìí irú ọ̀rọ̀ báyìí ní Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1979, ó sì di ẹ̀bi ru àwọn awakọ̀ 727 nítorí pé wọn kò sọ pé ọkọ̀ kejì ti sọ nù lójú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà, Francis McAdams, kọ èrò tirẹ̀ sọ́tọ̀. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé rédà wà níbẹ̀, agbára láti ya ọkọ̀ méjèèjì nípa wà lọ́wọ́ àwọn olùdarí, kí ni ìdí tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà fún ojú awakọ̀? Èmi ti ẹ̀yìn McAdams ni mo wà.

Nítorí ojú kò lágbára tó bí a ti rò. Ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ kọ lu tìrẹ kì í rìn lójú gíláàsì. Bí ọkọ̀ méjì bá ń sún mọ́ ojú ibi kan náà tí wọn yóò jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà, ibi kan ṣoṣo ni ọ̀kan yóò wà nínú gíláàsì èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí eṣinṣin tí ó bà sórí gíláàsì tí kò sì fò lọ. Ohun tí ń rìn ni ojú ènìyàn máa ń tètè rí. Ọkọ̀ tí ó ń kọjá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò lè pa ọ́ lára, ni ojú yóò gbá mú, èyí tí ó ń bọ̀ tààrà yóò sì dúró bí àmì kékeré títí di ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí ìgbẹ̀yìn, kí ó tó wú lójijì. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé àárín ojú nìkan ni ó ń ríran dáadáa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ láti pín ojú ọ̀run sí ègé kéékèèké, kí ojú wọn sì dúró ní ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá kan lórí ègé kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tí ó kàn ń yí ojú káàkiri kò rí nǹkan kan. Ní San Diego, ẹ fi kún un pé Cessna náà wà nísàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ń parapọ̀ mọ́ òrùlé àwọn ilé tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Àjọ FAA, tí ó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, ti ṣírò àkókò tí awakọ̀ nílò. Kí ojú kan nǹkan gba ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ó mọ̀ pé ọkọ̀ ni gba ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ó mọ̀ pé ọkọ̀ náà ń bọ̀ wá kọ lu òun gba márùn-ún, kí ó pinnu ìhà tí yóò yà sí gba mẹ́rin, kí ọwọ́ rẹ̀ gbọ́ràn gba díẹ̀ sí i, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tó yà sì gba méjì. Bí a bá rò ó pọ̀, ìṣẹ́jú àáyá 12.5 ni. Ọkọ̀ méjì tí ó dojú kọ ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sáré tó kìlómítà 460 ní wákàtí kan, yóò ti jẹ nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta ó lé díẹ̀ nínú àlàfo tí ó wà láàárín wọn kí àkókò yẹn tó pé. Kí ẹni tí ó bá lè rí ojú Cessna láti kìlómítà mẹ́ta wá sọ fún mi.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn San Diego, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1986, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Cerritos, nítòsí Los Angeles. Ọkọ̀ akérò DC-9 ti ilé-iṣẹ́ Aeroméxico ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti Mexico. Piper kékeré kan tí ó gbéra ní Torrance wọ agbègbè tí kò gbọdọ̀ wọ̀ láìgba àṣẹ. Ẹ̀rọ tí ó ń dá rédà lóhùn wà nínú Piper náà, ṣùgbọ́n kò lè sọ gíga tí ọkọ̀ wà fún rédà. Ènìyàn 82 ni ó kú, 15 nínú wọn jẹ́ ará ilé tí ó wà lórí ilẹ̀. Kò sí àmì pé awakọ̀ kankan nínú àwọn méjèèjì gbìyànjú láti yà.

Ìjàǹbá yìí ni ó mú ìyípadà tí ó tóbi jù wá. Wọ́n pa á láṣẹ pé kí ọkọ̀ tí ó bá ń rìn nítòsí àwọn pápákọ̀ ńlá ní ẹ̀rọ tí ó ń sọ gíga rẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà sì ṣe òfin pé kí àwọn ọkọ̀ akérò ńlá ní ẹ̀rọ TCAS. TCAS kì í dúró de olùdarí. Ó máa ń pe àwọn ọkọ̀ tí ó wà nítòsí, ó ń gbọ́ èsì láti inú ẹ̀rọ tiwọn, ó ń ṣírò bí wọ́n ṣe ń súnmọ́, bí ewu bá sì dé, yóò kọ́kọ́ kìlọ̀, lẹ́yìn náà yóò pàṣẹ: gòkè, tàbí sọ̀kalẹ̀. Bí ọkọ̀ méjèèjì bá ní in, àwọn ẹ̀rọ méjèèjì yóò jọ fẹnu kò kí wọ́n má baà yà sí ìhà kan náà. Bí India náà ṣe sọ ọ́ di dandan nìyẹn, lẹ́yìn tí ọkọ̀ Saudi àti ti Kazakhstan kọ lu ara wọn lókè Charkhi Dadri, nítòsí Delhi, ní oṣù kọkànlá ọdún 1996. Ènìyàn 349 ni ó kú níbẹ̀, nítorí ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ àti èyí tí ó ń lọ ń lo ojú ọ̀nà òfurufú kan ṣoṣo, gíga nìkan ni ó yà wọ́n nípa, ọ̀kan sì sọ̀kalẹ̀ kọjá gíga tí a fún un.

Mo fẹ́ràn TCAS gidigidi. Ó ti gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà kan tí àwọn tí kì í ṣe awakọ̀ kì í sábà mọ̀: bí ọkọ̀ bá ti sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bí 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ilẹ̀, kì í pàṣẹ mọ́, nítorí a kò lè sọ fún ọkọ̀ tí ó ti súnmọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ pé kí ó ṣàdédé yí gíga rẹ̀ padà. Ìyẹn ni pé níbi tí ọkọ̀ ti ń pọ̀ jù, ní ìgbẹ̀yìn ìsọ̀kalẹ̀ gan-an, ojú awakọ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu olùdarí nìkan ni ó kù.

Àwọn pápákọ̀ kéékèèké tí kò ní ilé ìṣọ́ kò tilẹ̀ ní olùdarí. Níbẹ̀, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń kéde ibi tí ó wà lórí rédíò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ní Watsonville ní California, Cessna 152 kan ń yí po bí ó ti yẹ, Cessna 340 ńlá sì ń bọ̀ tààrà láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú eré tí ó pọ̀ jù fún ibẹ̀. Àwọn méjèèjì kéde ara wọn. Awakọ̀ ọkọ̀ kékeré rí i pé èkejì ń yára bọ̀ lẹ́yìn òun, ó sì sọ pé òun yóò gòkè padà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀mí mẹ́ta ni ó lọ. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kíkéde kò tó bí eré ọkọ̀ kò bá bá ti àwọn yòókù mu.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni ti Washington, nítorí ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Maryland, ní òdìkejì odò Potomac, àwọn kan nínú wọn a sì máa wọkọ̀ ní pápákọ̀ Reagan. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, ọkọ̀ akérò CRJ700 kan tí ó ń bọ̀ láti Wichita, tí ènìyàn 64 wà nínú rẹ̀, gbà láti yí ọ̀nà ìbalẹ̀ rẹ̀ padà sí èyí tí wọ́n ń pè ní 33, tí ó mú un kọjá lókè odò náà. Hẹlikópítà Black Hawk ti àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, tí ènìyàn mẹ́ta wà nínú rẹ̀, ń tọ odò bọ̀ ní ojú ọ̀nà hẹlikópítà tí a ń pè ní Route 4. Ilé ìṣọ́ sọ fún un nípa CRJ náà. Ó dáhùn pé òun rí i, ó tọrọ àṣẹ láti máa fi ojú ara rẹ̀ yẹra, wọ́n sì fún un. Olùdarí kan ṣoṣo ni ó ń bá hẹlikópítà àti ọkọ̀ òfurufú sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iná ọkọ̀ tò sójú ọ̀run lóru yẹn, kò sì sí ohun tí ó lè fi dá olùdarí lójú pé iná tí wọ́n ń wò nínú hẹlikópítà ni iná ọkọ̀ tí òun ń sọ. Nígbà tí ó kù díẹ̀, ó tún béèrè bóyá wọ́n rí i. Wọ́n tún ní àwọn rí i. TCAS inú CRJ kìlọ̀ ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ti súnmọ́ ilẹ̀ jù fún un láti pàṣẹ. Gbogbo àwọn 67 náà kú.

Nígbà tí NTSB yẹ àwọn ìwé wò, wọ́n rí i pé láàárín oṣù kẹwàá ọdún 2021 sí oṣù kejìlá ọdún 2024, ìgbà 15,214 ni ọkọ̀ òfurufú àti hẹlikópítà ti súnmọ́ra jù ní pápákọ̀ yẹn. Wọ́n tún rí i pé bí hẹlikópítà bá wà ní 200 ẹsẹ̀ bàtà gan-an, tí í ṣe òpin gíga tí a gbà á láàyè lórí Route 4, àlàfo tí yóò wà láàárín rẹ̀ àti ọkọ̀ tí ó ń sọ̀kalẹ̀ sí ọ̀nà 33 lè má ju ẹsẹ̀ bàtà 75 lọ. Hẹlikópítà ti alẹ́ yẹn ga ju 200 lọ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ya ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ bàtà 75 yóò jẹ́ ààbò fún ọkọ̀ akérò? Àkọsílẹ̀ wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí ẹni tí ó ka iye náà jọ kí àwọn ènìyàn tó kú. Ìbínú mi lórí èyí kò tíì rọlẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2025 ni FAA ti apá Route 4 yẹn pa.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Níbi tí rédà bá wà, kí rédà ya ọkọ̀ akérò àti ọkọ̀ mìíràn nípa, kí a fi ojú ṣe àfikún, pàápàá lóru. Kí awakọ̀ tí ọkọ̀ kejì bá sọ nù lójú rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìfi "mo rò pé" tàbí "ó yẹ kí" bò ó mọ́lẹ̀, kí olùdarí tí ó bá sì gbọ́ "mo rò pé" gbà pé awakọ̀ náà kò rí i. Kí a sì fi ẹ̀rọ tí ó ń fi ọkọ̀ tí ó wà nítòsí hàn sínú gbogbo yàrá awakọ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2020 ni Amẹ́ríkà ti pa á láṣẹ pé kí ọkọ̀ tí ó bá ń rìn nítòsí pápákọ̀ ńlá máa fi ẹ̀rọ tí a ń pè ní ADS-B kéde ibi tí ó wà, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìkéde náà nínú ọkọ̀ tirẹ̀, hẹlikópítà ti Washington kò sì kéde rárá ní alẹ́ yẹn. Awakọ̀ ọkọ̀ kékeré tí ó bá ní ẹ̀rọ agbàròyìn tí kò tóbi ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ó so ó mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì, lè rí àwọn ọkọ̀ tí ó bá ń kéde yí i ká, pẹ̀lú gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ìhà tí ó ń lọ, kí ojú rẹ̀ tó lè rí wọn.